David Hinderer, ará Jámánì tó japa wá sí Ìbàdàn

Bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ japa, ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa ń wá sí wa lọ́kàn: láti ibí lọ sí ọ̀hún. Èèyàn á ta mọ́tò, á ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, á gba físà, ó di gbéré. Ó ti mọ́ wa lára débi pé tí ẹnìkan bá sọ fún wa pé òyìnbó kan kó kúrò nílùú rẹ̀, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, ibà dá a dùbúlẹ̀, ebi pa á, kò sì sá lọ, a máa ní irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́ o. David Hinderer ni orúkọ ọkùnrin náà. Jámánì ló ti wá. Ìbàdàn ló sì lo ọ̀pọ̀ ọdún tó dára jù láyé rẹ̀ sí.

Mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, nítorí mo rò pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń múra àtilọ, ọ̀rọ̀ sì wà fún àwa tí a ń gba àlejò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tó ti wá. Nígbà tí wọ́n bí Hinderer, ní nǹkan bí 1820, kò tíì sí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Jámánì. Ọdún 1871 ni wọ́n tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìjọba kéékèèké ló wà níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ọba tirẹ̀. Württemberg ni wọ́n ti bí Hinderer, ní agbègbè Schorndorf, tí kò jìnnà sí Stuttgart. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni, ilẹ̀ ò sì tó pín mọ́. Láàárín 1846 sí 1847, irè oko ò ṣe dáadáa, ebi dé. Ní 1848, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ káàkiri àwọn ìlú Jámánì; nígbà tí àwọn ọba sì borí, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó bá wọn jà ní láti sá.

Ibo ni wọ́n sá lọ? Amẹ́ríkà ni. Ní ọdún 1854 nìkan, àwọn ará Jámánì tó lé ní 200,000 ló wọ Amẹ́ríkà. Wọ́n lọ bí ọmọ wa ṣe ń lọ lónìí: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ẹnìkan á kọ́kọ́ lọ, á kọ lẹ́tà sílé, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Ẹ sì wo ohun tí wọ́n gbé dé ọ̀hún. Ṣòkòtò jíìnsì tó wà nídìí yín yẹn, Levi Strauss, ọmọ Bavaria, ló gbé e jáde pẹ̀lú télọ̀ kan tó ń jẹ́ Jacob Davis ní 1873. Píánò Steinway tí àwọn olórin ńlá ń tẹ̀, ìdílé Jámánì kan ló dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní New York ní 1853. Kindergarten tí a ń rán àwọn ọmọ wa lọ, obìnrin ará Jámánì kan, Margarethe Schurz, ló dá àkọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Watertown, ní 1856. Lónìí, àwọn ará Amẹ́ríkà tó lé ní mílíọ̀nù 40 ló ń sọ pé ìran Jámánì ni àwọn.

Ọdún 1853 tí ìdílé Steinway ń ṣí ilé-iṣẹ́ ní New York yẹn gan-an ni Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ ń gun ẹṣin wọ Ìbàdàn láti Abẹ́òkúta. Ìran kan náà, àkókò kan náà, ọ̀nà méjì.

Kí ló gbé e wá? Iṣẹ́ ìhìnrere ni. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ní Basel, ní Switzerland, ló kọ́kọ́ lọ, kó tó kọjá sí ọ̀dọ̀ CMS ní London. Òun nìkan kọ́ o. Nígbà yẹn, CMS ò rí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀ tó tó fẹ́ wá kú sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nítorí ibà ń pa òyìnbó bí ẹní pa eṣinṣin. Àwọn ará Jámánì ni wọ́n ń gbà síṣẹ́. Gollmer tó bá Townsend àti Ajàyí Crowther dé Àgbádárìgì ní 1845, ará Jámánì ni. Bühler tó kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, ará Jámánì ni. Mann tó wà ní Ìjàyè, ará Jámánì náà ni. Koelle tó jókòó sí Freetown, tó ń gba ọ̀rọ̀ èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú, ará Jámánì ni. A ò kàn fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni, nítorí pé lójú tiwa, òyìnbó ni òyìnbó ń jẹ́.

Hinderer dé Abẹ́òkúta ní 1849. Ní 1851, ó wọ Ìbàdàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ má wo Ìbàdàn bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Ìlú ogun ni. Kò tíì tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti tẹ̀ dó síbẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: àwọn tó ni ìlú náà gan-an, àtọ̀húnrìnwá ni wọ́n. Ogun ló lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò nílé. Kò sí ọba aládé níbẹ̀. Akíkanjú ló ń joyè. Baálẹ̀ Olúgbòdé ló wà lórí oyè nígbà tí Hinderer dé. Àwọn ìjòyè jiyàn lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n lé e, pé àwọn òyìnbó yìí máa ń ba ìlú jẹ́ ni. Wọ́n bi Ifá. Ifá ò kọ̀ ọ́. Bí ẹlẹ́sìn Kristi ṣe rí àyè gbé ní Ìbàdàn nìyẹn, láti ẹnu Ifá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ja ìjà ẹ̀sìn lórí Facebook, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Hinderer padà sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1852, ó sì fẹ́ Anna Martin ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ọmọ Norfolk ni Anna, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó tí wọ́n fi wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí obìnrin yìí dé Ìbàdàn, àwọn èèyàn tú jáde wá wò ó, torí ọ̀pọ̀ wọn ò rí obìnrin aláwọ̀ funfun rí. Kúdẹtì ni wọ́n fún wọn ní ilẹ̀. Wọ́n fi amọ̀ kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé.

Ilé-ìwé náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ń gbé nílùú ogun, kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe? Kí ọmọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ idà ló yé wọn. Àwọn òbí sì ń bẹ̀rù pé ìwé á sọ ọmọ àwọn di ọ̀lẹ, tàbí pé òyìnbó á gbé ọmọ lọ. Jagunjagun kan tó ń jẹ́ Olúnlọ́yọ̀ọ́ ló gba ibi tí ẹlòmíì ò gbà. Ó mú ọmọ méjì fún wọn, Yéjídé tó jẹ́ obìnrin àti Akínyẹlé tó jẹ́ ọkùnrin. Àwọn ni a kà sí ọmọ Ìbàdàn àkọ́kọ́ tó jókòó sídìí ìwé. Ẹ wò ó, ọmọbìnrin wà nínú méjì àkọ́kọ́ yẹn. Títí dòní, ilé-ìwé gíga àwọn ọmọbìnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ń jẹ́ orúkọ Yéjídé. Orúkọ ìdílé Olúnlọ́yọ̀ọ́ náà ò sì ṣàjèjì sí wa: gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún oṣù mẹ́ta ní 1983, onímọ̀ ìṣirò ni, Olúnlọ́yọ̀ọ́ ló ń jẹ́.

Anna àti David ò bímọ. Àmọ́ ilé wọn kún. Ọmọ ni níwá, ọmọ ni lẹ́yìn: àwọn tí òbí mú wá, àwọn tí ogun sọ di aláìníyàá, àwọn tí wọ́n rà padà lóko ẹrú. Ìyá ni gbogbo wọn ń pe Anna. Ó ń kọ́ wọn lórin, ó ń tẹ dùùrù, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ibà ò fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tó di 1856, àìsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹ̀mí David lọ, wọ́n bá padà sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì láti lọ tọ́jú ara. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò bá má padà wá mọ́. Ní 1858, wọ́n padà dé. Ìdílé kan láti Sierra Leone bá wọn dé pẹ̀lú, ìdílé Johnson, tí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Samuel wà nínú rẹ̀. Ẹ fi orúkọ yẹn sápò, a ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ní 1860, ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Ìbàdàn wà lápá kan, Kúrunmí ti Ìjàyè wà lápá kejì, àwọn Ẹ̀gbá sì dara pọ̀ mọ́ Ìjàyè. Àwọn Ẹ̀gbá ti ọ̀nà tó lọ sí etíkun. Ojú ọ̀nà yẹn ni lẹ́tà, owó àti oúnjẹ Hinderer ń gbà wá. Bí wọ́n ṣe há sí Ìbàdàn nìyẹn fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Owó ẹyọ tán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń ta ohun tí wọ́n ní nínú ilé láti fi ra oúnjẹ. Ohun tó kù díẹ̀ tí wọ́n ní, wọ́n ń pín in fún àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn aládùúgbò ló ń yá wọn lówó, àwọn èèyàn ìlú ló ń fún wọn ní ohun tí wọ́n á jẹ. Òyìnbó tí wọ́n ní ó wá ràn wá lọ́wọ́, àwa la gbà á lọ́wọ́ ebi.

Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ nínú ogun yẹn tó máa ń yà mí lẹ́nu. Àwọn òyìnbó Abẹ́òkúta ń gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá. Hinderer ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ló ń sọ. Òun àti Mann, ará Jámánì bíi tirẹ̀, ń gbé nínú ìlú méjì tó ń bára wọn jagun. Ẹgbẹ́ kan náà ló rán gbogbo wọn wá, Bíbélì kan náà ni wọ́n gbé lọ́wọ́, síbẹ̀ ìlú tí oníkálukú ń gbé ti wọ̀ ọ́ lára. Ní oṣù kẹta 1862, Ìjàyè fọ́. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mú ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Roper, lẹ́rú ogun níbẹ̀. Ilé Hinderer ni wọ́n fi í sí, ibẹ̀ ló sì wà títí ọ̀nà fi là. Tí àlejò bá ti ń bá ìlú jẹ nínú ìyà rẹ̀, tó ń gbè é lẹ́sẹ̀, tí ìlú sì fi í ṣe onígbọ̀wọ́ ẹlẹ́wọ̀n, kí la tún fẹ́ máa pè é? Àlejò kọ́ mọ́.

Ní 1865, Glover tó ń ṣàkóso Èkó rán Ọ̀gágun Maxwell gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú wá kó wọn. Òru ló dé, ilẹ̀ ò sì gbọdọ̀ mọ́ bá wọn. Anna ní láti fi àwọn ọmọ sílẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Wọ́n gbé e lọ nínú àkéte tí wọ́n so mọ́ igi. David ò bá a lọ lọ́jọ́ náà; kò sí ẹni tó máa fa iṣẹ́ lé lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ó dúró, ó tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ṣé wọ́n tún padà wá? Wọ́n padà wá o! Wọ́n wà ní Ìbàdàn nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹwàá 1867, èyí tí wọ́n ń pè ní Ifọ́lé. Ìbàdàn ò lé tirẹ̀. Àìsàn ló lé wọn nígbẹ̀yìn, ní 1869. Anna kú ní Norfolk ní oṣù kẹfà 1870, kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlélógójì. David nìkan tún padà wá sílẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1870, ó ṣiṣẹ́ lápá Lẹ́kìí àti Oǹdó, kí ara tó kọ̀ fún un pátápátá. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló kú sí ní 1890.

Ó yá, kí ló kù lẹ́yìn rẹ̀?

Àkọ́kọ́, èèyàn. Nígbà tí Hinderer lọ, kò sí òyìnbó tó rọ́pò rẹ̀. Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti ń bá wọn gbé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀, ló gba iṣẹ́, òun ló sì darí ìjọ Kúdẹtì, Arẹ̀mọ àti Ògùnpa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọ náà ò kú. Tèmi ni pé ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó ṣiṣẹ́: tó bá lọ, ṣé iṣẹ́ á dúró ni àbí á máa lọ?

Èkejì, ìtàn wa. Samuel Johnson tí mo ní kí ẹ fi sápò, Kúdẹtì ló ti kàwé. Hinderer ló rán an lọ sílé-ẹ̀kọ́ Bühler ní Abẹ́òkúta. Ó di olùkọ́ ní Arẹ̀mọ, ó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́, ó sì kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, ìwé ńlá tí gbogbo onímọ̀ ìtàn ṣì ń tú títí dòní. Ìwé àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kọ sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Samuel kú ní 1901 kò rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ látinú àkọsílẹ̀ tó kù, ìwé náà sì jáde ní 1921. Orúkọ Hinderer ni Johnson fi ìwé yẹn sọrí. Ará Jámánì kan kọ́ ọmọdé ní ABD, ọmọdé náà dàgbà, ó gba ìtàn wa lọ́wọ́ ìgbàgbé.

Ẹ̀kẹta, ìwé kíkà. Hinderer ló túmọ̀ ìwé John Bunyan sí Yorùbá, tó pè é ní Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Ìtàn ọkùnrin kan tó ń rìnrìn àjò, tó ń bá oríṣiríṣi ẹ̀dá pàdé lọ́nà. Ṣé ó jọ nǹkan kan létí yín? Àwọn onímọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ D. O. Fágúnwà wò kì í yéé dárúkọ ìwé Bunyan nínú ohun tí Fágúnwà kà kó tó kọ Ògbójú Ọdẹ ní 1938. Fágúnwà kó àlọ́, òwe àti iwin tiwa bọ inú rẹ̀, ó di nǹkan mìíràn, ó di tiwa.

Àní àmì tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ tí ẹ kì í tẹ̀ lórí fóònù yín yẹn, ọwọ́ ará Jámánì wà níbẹ̀. Lepsius, onímọ̀ kan ní Berlin tí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí, ṣe ètò álífábẹ́ẹ̀tì kan ní àárín àwọn ọdún 1850, Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lò ó láti fi tún àkọtọ́ Yorùbá ṣe.

Mi ò ní sọ apá tó dùn nìkan. Hinderer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò fi ojú rere wo òrìṣà wa. Ifá tó gbà á láyè, kò gba Ifá láyè padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó kọjá lọ́wọ́ míṣọ́nnárì ló kọ́ láti máa tijú ohun tí bàbá wọn ń bọ, a ṣì ń jẹ lára ìtìjú yẹn títí dòní. Ọ̀nà tí wọ́n là náà ni àwọn tó gbé ìbọn tẹ̀ lé wọn gbà wá. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn wọn tó yọ ìyẹn kúrò, kò kọ ọ́ tán. Àmọ́ ẹni tó bá ní nítorí ìyẹn, Yéjídé ò mọ̀ ọ́n kà, tàbí Johnson ò kọ̀wé, òun náà ò sọ òótọ́. Bí ìṣíkiri ṣe rí nìyẹn. Kì í sábà mú ire nìkan dé, kì í sì mú ibi nìkan dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọmọ Àgọ́sásà ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíà. Ẹnubodè ni wá. Ìdí-Ìrókò ò jìnnà sí wa, Àjàṣẹ́ náà ò jìnnà. Ẹ̀gbọ́n á wà ní Nàìjíríà, àbúrò á wà ní Bẹ̀nẹ̀, ìyá wọn á sì máa ná ọjà méjèèjì. Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ 2019, tí Ìdí-Ìrókò ò sì ṣí padà títí di 2022, a rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti ọ̀nà mọ́ èèyàn. Ọjà tutù. Ìbátan ò rí ìbátan. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í rọrùn fún mi láti bá àwọn tó ń bú àlejò jó. Mo máa ń gbọ́ ọ l'Ékòó: àwọn Ègùn yìí, àwọn ará Tógò yìí, wọ́n ti pọ̀ jù, kí wọ́n máa lọ. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀, àbúrò rẹ̀ wà ní Houston, ó ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n má lé e.

Ayé wá yí. Jámánì tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sá kúrò láyé Hinderer, òun ló ń wá òṣìṣẹ́ báyìí. Láti oṣù kẹfà 2024 ni wọ́n ti gbé ìwé ìwọlé kan jáde fún àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ láti wá ṣe ìwáṣẹ́ níbẹ̀. Mo mọ ọ̀dọ́ mélòó kan tó ń kọ́ èdè Jámánì nítorí rẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n má lọ. Ọmọ tí kò bá rìn kì í mọ ayé. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n gbé dání ni ìbéèrè tí ìgbésí ayé Hinderer fi sílẹ̀: nígbà tí o bá kúrò níbi tí o lọ, ta lo máa kọ́ níṣẹ́ tó máa máa bá a lọ? Ọmọ ta lo máa jẹ́ ìyá tàbí bàbá fún? Kò dìgbà tí èèyàn bá dá ilé-iṣẹ́ píánò sílẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé Kúdẹtì, ọmọ méjì péré ló sì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé rẹ̀.

Àwa tí a wà nílé, ẹ jẹ́ ká rántí pé ìlú tó gba Hinderer, ìlú àwọn tí ogun lé kúrò nílé ni. Wọ́n mọ ohun tí àlejò ń jẹ́. Wọ́n jiyàn lórí rẹ̀, wọ́n bi Ifá, wọ́n fún un nílẹ̀, wọ́n sì yá a lówó nígbà tí ebi pa á. Wọn ò mọ̀ pé ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ kan ló máa padà kọ orúkọ àwọn sínú ìwé tí ayé ò ní gbàgbé. Àwa náà ò mọ ọmọ ta ló wà lára àwọn tí a ń lé lónìí.